Àwọn Ère Èsìẹ́ Kì Í Ṣe Àlejò Tó Di Òkúta

Ẹni tó bá kàwé ní Òmù-Àrán tàbí tó ti dé Èsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà rí yóò ti gbọ́ ìtàn àwọn ère òkúta ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn àlejò kan wá sọ́dọ̀ Elésìẹ́, ọba ìlú náà, ọ̀rọ̀ di ìjà, wọ́n fẹ́ ba ìlú jẹ́, ni Olódùmarè bá sọ wọ́n di òkúta níbi tí wọ́n jókòó sí, tọba tìjòyè, tọkùnrin tobìnrin. Ìtàn náà dùn, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má pa á fọ́mọ mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá pé ta ló ṣe àwọn ère wọ̀nyí tí a sì fi ìtàn yìí dáhùn, a ti fi oríyìn dù àwọn tó ṣe é.

Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn dáadáa. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé àdá lé èjìká. Wọ́n fín irun orí rẹ̀ ní ìlà wẹ́wẹ́, wọ́n kó o jọ sókè gogoro. Ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn, ilà wà lójú. Òmíràn gbé apó sẹ́yìn. Àwọn obìnrin wà níbẹ̀ tí àdá wà lọ́wọ́ tiwọn náà. Òkúta tí wọ́n fi ṣe é rọ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, irin sì lè gé e. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo irun méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò rí i pé ọwọ́ kan náà kọ́ ló fín wọn. Bí ó bá sì jẹ́ pé àlejò ló di òkúta lójijì, àpótí ìdí wọn ńkọ́? Àbí òun náà bá Elésìẹ́ jà ni?

Àwọn ará Èsìẹ́ fúnra wọn kò sọ pé baba àwọn ló gbẹ́ ère. Wọ́n ní Ọ̀yọ́ Ilé ni àwọn ti ṣẹ̀, pé àwọn bá ère nínú igbó ni. Ẹ̀rí pàtàkì nìyẹn, a kì í sì í kà á sí. Ìtàn àlejò jẹ́ ìtàn ẹni tó bá nǹkan ńlá nílẹ̀, tí kò rí ẹni tó lè bi léèrè.

Àwọn òyìnbó náà kò ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1910, Frobenius, onímọ̀ ará Jámánì kan, rí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀, ó ní àwọn ará Atlantis, ilẹ̀ inú àròsọ, ló ní in. Nígbà tí Ramshaw, tó ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ míṣọ́nnárì CMS wò, mú ìròyìn ère Èsìẹ́ jáde ní 1933, àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí wá ará òkèèrè tí wọ́n lè gbé oríyìn fún. Àwọn kan ní Nupe ni, àwọn kan ní Ifẹ̀. Kí ló wá yàtọ̀ sí ìtàn àlejò? Méjèèjì fara mọ́ ọn pé kì í ṣe ará ibí.

Ní 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, èyí tó ṣáájú gbogbo irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ère tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti ṣẹ́ lọ́rùn. Phillips Stevens ló kọ ìwé kíkún lórí wọn, tó jáde ní 1978. Wọ́n yẹ orí amọ̀ kan tó wà láàárín wọn wò, ọjọ́ orí rẹ̀ sì bọ́ sí nǹkan bí ọdún 1100. Irú ère òkúta bẹ́ẹ̀ díẹ̀ tún wà ní Ìjárá àti Ọ̀fàrò, àwọn ìlú ìtòsí. Ó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ tó tàn ká àdúgbò ni, kì í ṣe àjálù ọjọ́ kan nínú igbó kan.

Kì í ṣe ilẹ̀ Ìgbómìnà nìkan ni wọ́n ti ń gbé oríyìn fún ẹni tí kò ni ín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní yoga lóde òní máa ń ní ọ̀dọ̀ Patanjali, amòye ilẹ̀ Íńdíà ìgbàanì, ni gbogbo títẹ ara àti yíyí ọrùn yẹn ti wá tààrà. Ìwé Patanjali kò sọ ju kí ìjókòó ènìyàn dúró ṣinṣin kó sì tura lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn tantra ni ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ ara náà ti jáde. Amritasiddhi, ìwé ọ̀rúndún kọkànlá tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ara náà kọ́ni, ọwọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà onítantra ló ti wá. Bàbá kan tó lórúkọ ló rọrùn fún aráyé láti rántí, kò rọrùn fún wọn láti rántí ogunlọ́gọ̀ tí kò lórúkọ.

Títí di òní, Àwòrò ṣì ń bọ Ọba Ère, olórí àwọn ère Èsìẹ́, lọ́dọọdún, ìlú sì ń péjọ. N kò rí ohun tó lòdì nínú bíbọ ohun tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bọ ọ̀pọ̀ ère mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tó yẹ kí àwọn awalẹ̀pìtàn máa wá ni ibi iṣẹ́ àwọn tó gbẹ́ ère òkúta wọ̀nyí: eérún òkúta tó bọ́ sílẹ̀, irin tó ti dípẹtà, eérú iná alágbẹ̀dẹ. Èsìẹ́, Ìjárá àti Ọ̀fàrò ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.