Rírẹ Sẹ́ẹ̀lì Alààyè Láró: Ìtàn Rẹ̀ Títí Dé Ìbàdàn

Ní Dọ́pẹmu ní Èkó, bí ara bá ń gbóná tí orí sì ń fọ́ni, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í jìnnà. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á fi abẹ́rẹ́ gún aláìsàn níka, á kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, á tẹ́ ẹ, á jẹ́ kó gbẹ, á sì rẹ ẹ́ sínú aró Giemsa tàbí aró Field. Bó bá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, kòkòrò ibà á yọ síta, ara rẹ̀ búlúù, kókó inú rẹ̀ pupa. Àyẹ̀wò yìí ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo tó wà lórí gíláàsì náà ti kú. Ìrísí ni aró yẹn fi hàn. Kò lè sọ iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe nígbà tó wà láàyè. Àwọn aró kan wà tí wọ́n ń lò kí sẹ́ẹ̀lì tó kú, ìtàn wọn ni a fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí pé ọ̀nà tí ó ń bi sẹ́ẹ̀lì alààyè léèrè iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi rí ọ̀kan nínú àwọn àwárí tó ṣe pàtàkì jù lọ nípa ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí kòkòrò ibà kò tilẹ̀ lo aró rárá. Alphonse Laveran, dókítà ọmọ ogun Faransé, wà ní ìlú Constantine ní Àlùjíríà ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá 1880, nígbà tó rí ohun kan tó ń ju ìrù bíi pàṣán nínú ẹ̀jẹ̀ tútù aláìsàn. Mímì tó ń mì ló jẹ́ kó mọ̀ pé ohun abẹ̀mí ni. Ká ní ẹ̀jẹ̀ náà ti gbẹ ni, kì bá tí rí ìrù tó ń jù.

Ibà yìí kan náà ló bí aró òyìnbó. Ní 1856, William Perkin, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 ní Lọ́ńdọ̀nù, ń wá ọ̀nà láti fi ohun tí wọ́n rí nínú ọ̀dà èédú ṣe kuínínì, oògùn ibà. Kò rí kuínínì. Aró elésè-àlùkò ló rí. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ Jámánì ti ń ṣe oríṣiríṣi aró fún aṣọ. Ní 1876, Heinrich Caro ṣe èyí tí à ń pè ní methylene blue.

Paul Ehrlich, dókítà ọmọ Jámánì, ló gbé aró aṣọ wọ inú ìmọ̀ ìṣègùn. Ohun tó ṣàkíyèsí kò ní ṣàjèjì sí aláró ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta: kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá rì sínú ìkòkò ló ń gba aró bákan náà. Ní nǹkan bí 1886, ó fa methylene blue sínú ara ọ̀pọ̀lọ́ tó wà láàyè, àwọn iṣan ìmọ̀lára sì di búlúù, nígbà tí ẹran tó yí wọn ká kò fi bẹ́ẹ̀ yí àwọ̀ padà. Ó rò ó pé bí aró bá lè mú ohun kan nínú ara tó sì fi èyí tó kù sílẹ̀, ó lè mú kòkòrò àrùn bẹ́ẹ̀ náà. Ní 1891, òun àti Paul Guttmann fún aláìsàn ibà méjì ní methylene blue ní Bẹ̀líìnì, ara wọ́n sì yá.

Aró tí à ń pè ní trypan blue wá lẹ́yìn ìyẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí wọ́n ń wá oògùn fún àwọn kòkòrò tó ń fa àrùn oorun. Lónìí, òun ni wọ́n fi ń ya sẹ́ẹ̀lì alààyè sọ́tọ̀ kúrò lára òkú. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ yóò tètè lóye rẹ̀. Ibi tí a bá fi ẹ̀kọ pa kì í gba ẹlú. Awọ tó yí sẹ́ẹ̀lì alààyè ká dà bí ẹ̀kọ náà, kì í jẹ́ kí aró wọlé. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti kú, awọ náà á ya, aró á sì kún inú rẹ̀.

Aró mìíràn, brilliant cresyl blue, wúlò fún wa gan-an nítorí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Bí a bá pò ó mọ́ ẹ̀jẹ̀ tútù, ìyókù inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú mùdùnmúdùn eegun jáde á kóra jọ bí àwọ̀n. Bí oníṣègùn bá ka iye wọn, á mọ̀ bóyá eegun aláìsàn ṣì ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Bí a bá ti kọ́kọ́ fi ọtí líle pa sẹ́ẹ̀lì náà, àwọ̀n yìí kì í hàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kòkòrò àrùn ni aró lè fi hàn. Ní Èkó, Yábà ni àjọ Rockefeller ti ṣe ìwádìí ibà apọ́njú láti 1925. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe ìwádìí náà, kú nípa àrùn náà ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án 1927. Fáírọ́ọ̀sì àrùn náà kéré ju ohun tí máíkírósíkóòpù ìgbà náà lè rí lọ, nítorí náà aró kò lè fi í hàn. Ìbàjẹ́ tó ti ṣe sí ẹ̀dọ̀ òkú ni wọ́n ń rí.

Ìbàdàn ni iṣẹ́ bíbi sẹ́ẹ̀lì alààyè léèrè ti so èso. Lucio Luzzatto, dókítà ará Ítálì, dé ibẹ̀ ní 1964, ó sì lo bí ọdún mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù kan tí à ń pè ní G6PD ló gbà á lọ́kàn. Iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù yìí ni láti dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa kí àwọn ohun kan má bàa jẹ ẹ́ bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin. Nínú àwọn Yorùbá, bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ni tirẹ̀ kò tó. Kí ló dé tí àbùkù báyìí fi gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n ti ń fura pé ó ń dènà ibà, ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí.

Ara ọmọbìnrin ni ẹ̀rí náà ti wá. Jíìnì G6PD wà lórí kúrómósómù X, ọmọbìnrin sì ní méjì. Mary Lyon, onímọ̀ nípa jíìnì, ti sọ ní 1961 pé ọ̀kan péré ló ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ọmọbìnrin tó jogún ọ̀kan tó dá ṣáṣá àti ọ̀kan tó lábùkù ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì pupa méjì nínú ẹ̀jẹ̀ kan. Ẹ̀fọn kan náà ló jẹ wọ́n, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Mo gbà pé kò sí ìdánwò tó mọ́ ju èyí lọ: ọmọ kan ṣoṣo di òṣùwọ̀n ara rẹ̀.

Báwo ni a ṣe máa mọ èyí tí í ṣe èyí, nígbà tí ojú kò lè yà wọ́n? Ní 1965, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Gall, Brewer àti Dern, ti ṣàlàyé ọ̀nà kan. Wọ́n á fi nitrite sínú ẹ̀jẹ̀ tó ṣì wà láàyè kí èròjà pupa inú rẹ̀ lè di ràkọ̀ràkọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ní G6PD á ṣiṣẹ́ títí á fi sọ ọ́ di pupa padà. Èyí tí kò ní kò lè ṣe é. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fọ ràkọ̀ràkọ̀ náà kúrò lórí gíláàsì, wọ́n á sì da aró sí i. Èkíní á gba àwọ̀, èkejì á dà bí èèpo lásán. Àwọ̀ tí ojú rí ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí wọ́n ti bi sẹ́ẹ̀lì nígbà tó wà láàyè.

Ní 1969, Luzzatto àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, Usanga àti Reddy, tẹ èsì wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tí ibà ń ṣe, kòkòrò wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá ní ìlọ́po 2 sí 80 ju ti inú sẹ́ẹ̀lì tó lábùkù lọ. Ní 1985, Usanga àti Luzzatto fi hàn pé kòkòrò ibà lè kọ́ láti ṣe G6PD tirẹ̀, tí ó bá pẹ́ nínú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Èyí kò ba iṣẹ́ 1969 jẹ́. Ó kàn fi hàn pé kòkòrò náà gbọ́n.

Àbùkù G6PD tó ń dènà ibà yìí kan náà lè ṣe ọmọ tuntun ní jàǹbá. Kánfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó, kí ojú rẹ̀ sì pọ́n, kí ó ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin ìyá ní Dọ́pẹmu àti níbi gbogbo, ẹ má fi aṣọ tó ti wà nínú kánfọ̀ wọ ọmọ tuntun. Ẹ béèrè àyẹ̀wò G6PD fún un, bí ojú rẹ̀ bá sì ń pọ́n, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.