Epo ọ̀pẹ wa: láti ọkọ̀ ojú irin Pobè dé ọ̀rọ̀ kólẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù

Ìtàn epo la gbé wá lónìí.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí òwò ẹrú ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, epo pupa àti èkùrọ́ ló gba ipò rẹ̀ ní etíkun wa. Àwọn òyìnbó kò rà á fún ọbẹ̀. Ọṣẹ àti àbẹ́là ni wọ́n ń fi ṣe. Nígbà tí Faransé gba ilẹ̀ wa, wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Àjàṣẹ́ gba Sakété dé Pobè, kí epo àti èkùrọ́ lè tètè dé etí omi. Ní ọdún 1922, wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè. Ó wà níbẹ̀ di òní.

Nínú iṣẹ́ ọ̀rá yìí náà ni orúkọ kólẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ti wá. Ará Faransé kan, Michel-Eugène Chevreul, tó ṣàlàyé ohun tó wà nínú ọ̀rá tí a fi ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, ló fún un lórúkọ ní nǹkan bí ọdún 1815. Inú òkúta tó máa ń wà nínú òróòro ènìyàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.

Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe kólẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Epo tó ti ara igi tàbí ewéko wá kò ní èyí tó tó nǹkan. Nítorí náà, "sans cholestérol" tí wọ́n kọ sára ìgò òróró kò tíì sọ ohun tó yẹ ká mọ̀. Ọ̀rá tó máa ń dì, tí wọ́n ń pè ní "saturé" ní ilé-ìwé, ló ń mú kí èyí tó burú pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú epo pupa, ó tó bí ìdajì. Nínú àdín, ó tó bí mẹ́rin nínú márùn-ún, ti epo àgbọn sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú òróró ẹ̀pà, bí ìdá kan nínú márùn-ún ni, ti sóyà sì kéré sí i.

Àwọn kan wà tí dókítà ní kí wọ́n dín epo kù. Wọ́n á fi epo pupa sílẹ̀, wọ́n á lọ ra òróró tó mọ́ lójú. Ẹ ka ara ìgò náà dáadáa: bí ẹ bá rí "huile de palme" tàbí "oléine de palme", epo ọ̀pẹ náà lẹ tún gbé wálé, wọ́n kàn bó àwọ̀ rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ń yọ epo lórí iná títí yóò fi funfun. Iná ń pa èròjà pupa tí ara wa fi ń ṣe fítámì A, tó dára fún ojú, ṣùgbọ́n ọ̀rá tó ń dì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Epo pupa kì í ṣe májèlé, kì í sì í ṣe oògùn. Ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, ẹ má dà á láti inú ìgò. Ẹ máa fi òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ẹni tí dókítà sì ti fún ní oògùn, kó má fi sílẹ̀.

Ta ló rántí ọkọ̀ ojú irin Pobè nínú àwọn àgbà yín? Ẹ bá wa bi wọ́n, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ.