Ọpọ́n Ìwẹ̀ Tí Omi Rẹ̀ Ń Rú

Omi là ń bù wẹ̀, omi là ń bù mu, ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ilé olówó lóde òní, tí ó bá ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá tí a kan férémù igi yí ká, tí a lẹ táìlì mọ́ lára, tí omi inú rẹ̀ sì ń rú tí ó ń hó yaya láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, kò ní ṣàì rò pé afẹ́ ni ó bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Afẹ́ kọ́. Ikú ọkùnrin kan àti àìsàn ọmọdé kan ni ó bí i, nínú ìdílé àwọn ọmọ ìyá méje tí wọ́n ti Casarsa ní àríwá ilẹ̀ Ítálì ṣí wá sí Amẹ́ríkà, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Jacuzzi.

Àgbẹ̀dẹ afẹ́fẹ́ ni mo bá pè wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé wọn, nítorí pé nígbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Berkeley ní Kalifóníà ní 1915, abẹ̀bẹ̀ igi tí ń fa ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n ń gbẹ́, Rachele tí í ṣe ọlọ́pọlọ láàárín wọn ni ó sì ń ro ó, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń rà á lọ́wọ́ wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Láti orí abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sí orí ọkọ̀ gan-an; wọ́n kan ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní J-7, tí àwọn èrò rẹ̀ ń jókòó sínú yàrá tí a pa dé, kí atẹ́gùn má baà máa gbá wọn lójú. Ní 1921 ọkọ̀ náà já lulẹ̀ nítòsí Modesto, Giocondo, ọ̀kan nínú àwọn méje náà, sì bá a lọ. Ìyá wọn ni a gbọ́ pé ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi òfúrufú sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ, wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọwọ́ tí ó ti mọ bí a ti ń ti afẹ́fẹ́ kò pẹ́ kí ó tó mọ bí a ti ń ti omi: ní 1926 Rachele gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ń fa omi láti inú kànga jíjìn, nípa fífi ipá ti omi díẹ̀ gba ẹnu tóóró kan kọjá, tí eré rẹ̀ yóò fi fa èyí tí ó wà nísàlẹ̀ dání bọ̀ wá sókè. Àwọn àgbẹ̀ Kalifóníà tí ọ̀dá ń yọ lẹ́nu gba ẹ̀rọ yìí tọwọ́ tẹsẹ̀, owó sì wọlé fún ìdílé náà.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí làkúrègbé mú Kenneth, ọmọ Candido tí í ṣe àbúrò pátápátá, nígbà tí ọmọ náà wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjì, tí oríkèé rẹ̀ gbogbo ń wú. Ilé ìwòsàn a máa gbé e sínú omi gbígbóná tí ń yí, ara a sì tù ú. Irú ìtọ́jú yìí kì í ṣe tuntun, àwọn Faransé ti fi tọ́jú apá àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun wọn tí ó gbọgbẹ́. (Àwa tí a ń kí Yèyé Ọ̀ṣun ní olómi tútù tí í wo ọmọ, ẹnu kò lè yà wá.) Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ilé ìwòsàn kì í ṣe ilé ẹni, ìrora kì í sì í dúró de ọjọ́ tí dókítà dá. Ẹni tí ọ̀ràn kàn ni í pàdí: ní ìparí àwọn ọdún 1940, Candido mú ẹ̀rọ omi tí wọ́n ń tà fún àgbẹ̀, ó sọ ọ́ di kékeré, ó sì gbé e sínú ọpọ́n ìwẹ̀ ilé ara rẹ̀. Omi náà kò wo àrùn ọmọ sàn títí ayé ọmọ, ó kàn ń mú un rọjú ni. Ní 1956 wọ́n gbé e síta fún títà, wọ́n pè é ní J-300, wọ́n sì ń fi í ta obìnrin lọ́rẹ lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Queen for a Day, níbi tí ẹni tí ìyà rẹ̀ bá pọ̀ jù ti ń gba adé.

Títí di ìgbà yẹn kò sí iṣẹ́ káfíńtà nínú ọ̀rọ̀ náà. Roy Jacuzzi, ìran kẹta, ni ó yí i padà ní 1968, nígbà tí ó lu ihò sí ara ọpọ́n fúnra rẹ̀, tí ó fi ẹ̀rọ pamọ́ sẹ́yìn, tí omi tí ń sáré jáde sì ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra nípa ọgbọ́n kan náà tí Rachele fi fa omi kànga. Ọpọ́n wá di ohun tí a ń kọ́ mọ́ ilé. Lítà omi kan wúwo tó kílógíráàmù kan, nítorí náà ọpọ́n tí ó gba 300 lítà ti gbé 300 kílógíráàmù ka ilẹ̀ kí ènìyàn tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ilé pákó ni ọ̀pọ̀ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà. A ní láti ki igi abẹ́ ilẹ̀ láyà. Àṣìṣe tí àwọn tí kò mọṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n ń fi etí ọpọ́n kọ́ orí férémù, kí férémù máa gbé e. Etí náà yóò sán. Ìdí ọpọ́n ni ó gbọ́dọ̀ jókòó lórí sìmẹ́ǹtì tútù tí a tẹ́ sílẹ̀ fún un, kí férémù kàn máa dì í mú. Wáyà iná rẹ̀ a máa dá dúró, pẹ̀lú ohun tí yóò pa iná fúnra rẹ̀ bí iná bá jò sínú omi. A kì í sì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná: kí a tó lẹ táìlì kan, a ó rọ omi kún un, a ó tan ẹ̀rọ, a ó wo gbogbo oríkèé páìpù, nítorí ẹ̀rọ tí a mọ ògiri bò láìsí ilẹ̀kùn kékeré, ọjọ́ tí ó bá dákẹ́, òòlù ni a ó fi ṣí i.

Ní tèmi, ẹ̀rọ 1956 wù mí ju ọpọ́n tí a ń kọ́ mọ́ ilé yìí lọ. Aláìsàn tí ó ń gbé ilé àyágbé lè rà á, kí ó kì í bọ ọpọ́n onílé, kí ó sì gbé e lọ nígbà tí ó bá ń kó lọ. Ṣùgbọ́n ọjà kò bá mi rò ó. Nígbà tí ìdílé náà fi ta ilé-iṣẹ́ wọn fún ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ Kidde ní 1979, ọpọ́n ìgbádùn ni gbogbo ayé ti mọ orúkọ wọn mọ́, àwọn tí ń fi ẹnu pè é kò sì mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni.