"Next Tomorrow" àti Ọjọ́ Mẹ́ta Òní: Bí Àwọn Tó Ń Sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó Ṣe Ń Ka Ìgbà

Kò sí ẹni tó ka ìwé dé ibi kan ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó tí kò mọ ìlà pupa tí tíṣà máa ń fà sábẹ́ "next tomorrow". Ìlà pupa yẹn kò dun ẹnikẹ́ni títí di ìgbà tí akẹgbẹ́ wa kan, tí a kò ní dárúkọ nítorí ọ̀wọ̀, sọ ọ́ di èrò ìjìnlẹ̀. Ó ní "next tomorrow", "last two weeks" àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kì í ṣe àṣìṣe gírámà nìkan, pé ẹ̀rí ni wọ́n jẹ́ pé Yorùbá kì í ka ìgbà, àfojúdá ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀sùn ńlá nìyẹn, kò sì yẹ kí ó kọjá láìsí èsì.

Kí ni àkókò, kí ni sáà, kí ni ìgbà? Olùkàwé ti mọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a kọjá síbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ibi tí ẹ̀sùn náà ti ṣẹ̀ wá

Akẹgbẹ́ wa kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní 1969, John Mbiti, ọmọ Kẹ́ńyà, kọ ọ́ sínú *African Religions and Philosophy* pé ọjọ́ iwájú tí ọmọ Áfíríkà ń fọkàn rò kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ọdún méjì lọ. Èdè Kikamba àti Gikuyu ni ó fi ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n gbogbo Áfíríkà ni ó dá ẹjọ́ náà fún. Àgbẹ̀ Oǹdó tó gbin kòkó lónìí mọ̀ pé ó di nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí òun tó rí èso àkọ́kọ́, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni fún òun láyè láti ronú kọjá ọdún méjì kí ó tó gbé àdá.

Ní ti "next tomorrow", ọ̀túnla ni, ìyẹn ọ̀la tó tún wà lẹ́yìn ọ̀la. Gẹ̀ẹ́sì gan-an ní irú rẹ̀ rí: "overmorrow" wà nínú Bíbélì tí Coverdale tẹ̀ jáde ní 1535, kí àwọn tó ni èdè náà tó sọ ọ́ nù. Àwọn ará Jámánì kò sọ tiwọn nù, "übermorgen" ni wọ́n ń wí títí di òní. Nígbà tí ìwé atúmọ̀ èdè Oxford fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29 kún ara rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, "next tomorrow" wà lára wọn, wọ́n sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé dé 1953. Àwọn tíṣà tó ń fa ìlà pupa lè máa fà á lọ. Aláìní ló wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kò jalè.

Kíkà mọ́ àti kíkà yọ

Ibi tí akẹgbẹ́ wa ti ṣìnà gan-an ni pé kò mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni a lè gbà ka ọjọ́. Ọ̀nà kan ń ka ọjọ́ tí a dúró sí mọ́ ọn: òní ni ọ̀kan, ọ̀la ni èjì, ọ̀túnla ni ẹ̀ta. Èkejì ń yọ òní sílẹ̀, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Àpilẹ̀kọ yìí yóò pe ti àkọ́kọ́ ní kíkà mọ́, yóò sì pe ti èkejì ní kíkà yọ. Kíkà mọ́ ni ti Yorùbá. Ìdí nìyẹn tí ìjẹta fi jẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àná: òní, àná, ìjẹta, ó pé mẹ́ta. Gẹ̀ẹ́sì yóò ka ọjọ́ kan náà ní "two days ago".

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí ní ìsọ̀ télọ̀ kan nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ọjọ́ Ajé ni oníbàárà gbé áńkárá dé. Télọ̀ wọn èjìká, ó wọn àyà, ó kọ nọ́ńbà sẹ́yìn káàdì ìpè ìgbéyàwó àtijọ́ kan, ó ní, "Mummy, come in three days." Lọ́jọ́rú, màmá dé. Aṣọ wà lórí ẹ̀rọ, ọwọ́ kan ti wà lára rẹ̀, èkejì ṣì wà lórí tábìlì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Ni ariwo bá sọ. Màmá ní ọjọ́ mẹ́ta ti pé. Télọ̀, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi kàlẹ́ńdà ṣiṣẹ́, ní Ọjọ́bọ̀ ni ó máa pé. Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́, ìkà wọn ni kò papọ̀. Kò sí ẹni tó dá àfojúdá nínú wọn. Àwọn méjèèjì ló mọ ọjọ́ wọn dé ojú àmì.

Ọ̀rọ̀ ọjà tún le ju èyí lọ. Bí ọjà ọrún bá ná lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ka Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀: Ọjọ́bọ̀ ni ó tún máa ná. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ń yí, orúkọ rẹ̀ sì ni ọrún. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé yóò ní "every five days". Ẹni tó bá gbé kàlẹ́ńdà tẹ̀lé wọn yóò dé ọjà lọ́jọ́ Ẹtì, yóò bá ìsọ̀ òfìfo. Lọ́dún kan, ọjà tó ń yí ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin yóò ná tó ìgbà 91. Èyí tó ń yí ní márùn-márùn-ún kò ju 73 lọ. Ọjà 18 ti sọ nù sínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta.

A. B. Ellis wà lára àwọn àgbà tó ṣe àṣìṣe yìí. Nínú ìwé rẹ̀ lórí Yorùbá ní 1894, ó ní ọjọ́ márùn-ún ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá, ó sì to orúkọ márùn-ún, Àkọ́-ọjọ́ ló fi ṣáájú. Ọjọ́ Awo, ti Ògún, ti Jàkúta àti ti Ọbàtálá, mẹ́rin náà nìyẹn. Ìkarùn-ún kò sí níbì kankan, àfi lórí ìka ẹni tó ń ka ọjọ́ mọ́ ọjọ́.

Àìsàn Yorùbá nìkan ni bí? Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní ọjà kan tó ń yí lọ́jọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ, wọ́n sì ń pè é ní *nundinae*, èyí tí a fa yọ láti inú ẹẹ́sàn-án. Isán tiwa gan-an nìyẹn. Àwọn awo tó ń pé jọ ní ìtàdógún ń fi ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ṣe ẹẹ́tàdínlógún. Èdè Faransé ń pe ọ̀sẹ̀ méjì ní "quinze jours", ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí náà ọmọ Kétu tó ń sọ Faransé kò ní láti yí ìkà rẹ̀ padà kí ó tó dá ọjọ́. Ọmọ Oǹdó tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni kò rí irú àǹfààní yẹn, nítorí "fortnight" ti ka òru mẹ́rìnlá, ó sì ti yọ òní sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì náà ń kà mọ́

Akẹgbẹ́ wa lè ní ìwé òfin kò gba irú nǹkan báyìí. Ẹ jẹ́ kí a ṣí i. Òfin tó ń túmọ̀ òfin ní Nàìjíríà, Interpretation Act, ní abala 15, ní kí a yọ ọjọ́ tí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣẹlẹ̀ kúrò nínú iye ọjọ́. Kíkà yọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Òfin Ìpìlẹ̀ 1999, ní abala 180, ní sáà gómìnà jẹ́ ọdún mẹ́rin "commencing from the date" tó búra. Kíkà mọ́ nìyẹn.

Kò sí ibi tí a ti lè rí i dáadáa ju Àkúrẹ́ lọ. Ní 23 oṣù kejì ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá Olúṣẹ́gun Mímikò, ọmọ ìlú Oǹdó, láre. Lọ́jọ́ kejì, 24, wọ́n búra fún un. Ẹ ka ọdún mẹ́rin, kí ẹ ka ọjọ́ ìbúra mọ́ ọn, 23 oṣù kejì ọdún 2013 ni ó pé. 24 ni ó sì tún búra. Láti ìgbà náà ni 24 oṣù kejì ti di ọjọ́ ìbúra ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, 2017, 2021, 2025. Ọ̀rọ̀ kékeré náà kò kéré ní kóòtù: òfin ìdìbò 2006 ní kí a pe ẹjọ́ láàrin ọgbọ̀n ọjọ́ "from the date" tí wọ́n kéde èsì, ti 2010 ní ọjọ́ mọ́kànlélógún "after the date". Àwọn lọ́yà mọ̀ pé ọjọ́ kan lè pa odindi ẹjọ́.

Ìwé dókítà ńkọ́? Àwọn dókítà wa jogún ọ̀nà ìkọ̀wé kan lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì: 5/7 ni ọjọ́ márùn-ún, 2/52 ni ọ̀sẹ̀ méjì, 3/12 ni oṣù mẹ́ta. Aláìsàn tó bá gba káàdì tí wọ́n kọ 2/52 sí yóò yí i síwá-sẹ́yìn, yóò wá oṣù tó ní ọjọ́ méjìléláàádọ́ta. Bí nọ́ọ̀sì bá túmọ̀ 5/7 fún un, ìbéèrè ṣì kù: ṣé oògùn tó lò nírọ̀lẹ́ òní wà lára márùn-ún ni?

"Last two weeks" kò gba àyè púpọ̀. Gẹ̀ẹ́sì òyìnbó fi ń tọ́ka sí gbogbo ọjọ́ mẹ́rìnlá tó kọjá. Lẹ́nu wa, ọjọ́ kan ṣoṣo ni, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó yàtọ̀, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a lè sọ àti ibi tí a ń lọ

A kò ní sọ pé gbogbo èdè-àìyedè lórí ọjọ́ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ni kíkà mọ́ ló fà á. Àwọn télọ̀ kan wà tí wọ́n ń parọ́ lásán. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀dọ́ tí fóònù ń ka ọjọ́ fún ti máa kà yọ ju àwọn òbí wọn lọ. Ohun tí a fẹ́ kí akẹgbẹ́ wa fi sùúrù yẹ̀ wò kò ju èyí lọ: ẹni tó ní ìkà tirẹ̀ kọ́ ni ẹni tí kò lè kà, ìlà pupa kò sì lè sọ èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì.

Iṣẹ́ tó kàn tí òǹkọ̀wé yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun èlò jọ fún ni ti ìgbà kòkó. Lẹ́bàá ọ̀nà láti Oǹdó dé Ìdànrè, Gẹ̀ẹ́sì àwọn oníkòkó kún fún "main crop" àti "light crop", "before cocoa" àti "after cocoa". Kí ìjọba tó fagi lé àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ra irè oko ní 1986, iye kan ni wọ́n ń dá fún kòkó ní sáà kan, nítorí náà sáà ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé. Lẹ́yìn rẹ̀, iye owó ń yí bí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ṣì ń yá owó pẹ̀lú ìlérí pé òun á san án "when cocoa comes out". Ìgbà wo ni kòkó jáde? Ṣé ọjọ́ tí wọ́n já èso ni, àbí ọjọ́ tí wọ́n gbé àpò sórí òṣùwọ̀n? Àwọn ọjọ́ tí ó fi wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ó tó kan, àti èyí tí wọ́n fi sá a sóòrùn, ta ló ń kà wọ́n mọ́ gbèsè, ta ló sì ń yọ wọ́n?