Síkà ní Tarkwa: ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu fi pamọ́ nípa òpópónà ìlú ìwakùsà kan

Ìyá tó bí bàbá mi máa ń sọ pé àwọn ènìyàn jẹ òun ní síkà ní Tarkwa. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ní Lomé. Nínú èdè Ewe tí à ń sọ ní àdúgbò wa, wúrà ni síkà, owó sì ni ga. Mo gbà pé ìyá àgbà fi wúrà sílẹ̀ sí Gánà, mo sì fi ń yangàn láàrin ẹgbẹ́ mi ní ilé-ìwé. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo tó mọ̀ pé Twi ni ó ń sọ. Nínú Twi, síkà ni wúrà, síkà náà ni owó. Ẹni tó bá fẹ́ ya wúrà sọ́tọ̀ yóò pè é ní síkà pupa. Owó àwìn ni ìyá àgbà ń wí: aṣọ, ọṣẹ àti abọ́ tí àwọn awakùsà rà láwìn ní ìsọ̀ rẹ̀ lójú òpópónà Tarkwa.

Ìtàn Tarkwa tó wà nínú ìwé kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀. Ọ̀dọ̀ Marie-Joseph Bonnat ni ó sábà máa ń gbà, ọmọ Faransé tí àwọn ọmọ ogun Asante mú ní Ho, nílẹ̀ Ewe, ní 1869, tí ó sì wà nígbèkùn ní Kumasi títí di 1874. (Èmi tí mo fi Faransé kàwé láti kékeré, n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kí n tó dé yunifásítì.) Ó padà wá wa wúrà ní Tarkwa, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1881. Burton àti Cameron dé ibẹ̀ ní 1882, ìwé wọn jáde ní 1883. Lẹ́yìn náà ni rélùwéè: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là á láti Sekondi ní 1898, ó dé Tarkwa ní 1901, Obuasi ní 1902, Kumasi ní 1903. Àwọn lébìrà láti Èkó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. Ibi tí owó oṣù bá sì ti ń jáde, oníṣòwò kì í pẹ́ débẹ̀. Láti Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, Òfà, Ìlọrin, Ṣakí àti Ìgbóho ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ti lọ pàtẹ sí àwọn ìlú Gánà.

Ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ ìwakùsà ka ìwọ̀n wúrà àti iye òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń ta ọṣẹ fún òṣìṣẹ́ kò sí nínú ìṣirò wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kù fún wa.

Ẹ wo Alata, orúkọ tí àwọn Akan ń pe Yorùbá. Àwọn ìyá wa túmọ̀ rẹ̀ sí aláta, ẹni tó ń ta ata. Mo rò pé wọ́n ṣì í. Àdúgbò kan wà ní Accra tó ń jẹ́ Ngleshie Alata, èyí tí wọ́n so mọ́ àwọn ará Allada tó wá ṣiṣẹ́ ní odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, tipẹ́tipẹ́ kí Yorùbá kankan tó pàtẹ ní Tarkwa. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí kò tọ́ nípa orísun lè jẹ́ ẹ̀rí tó dára nípa ọjà. Kò sẹ́ni tí yóò ronú kan ata bí kò bá jẹ́ pé obìnrin Yorùbá ti jókòó síbẹ̀ ti ata. Títí di òní, alata samina ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú ní Gánà. Àwọn mìíràn ń pè é ní anago samina. Ọjà ìyá àgbà ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kúrò.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò. Ìyá àgbà kò mọ̀wé kọ. Ilà èédú ni ó fi ń ṣe àkọsílẹ̀ gbèsè, lára ògiri ìsọ̀, oníbàárà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àyè tirẹ̀. Ó ní àwọn kan wá san lóru, kí ará ilé wọn má baà rí wọn. Àwọn mìíràn gba òdìkejì títì kọjá. Ó kó ẹrù, ó fi ògiri sílẹ̀. Ní 1970, òfin mìíràn fi òwò kéékèèké sọ́wọ́ ọmọ Gánà nìkan, ìpadà kò sì ṣeé ṣe mọ́.

Wọ́n gba Aflao wọ Lomé. Àwọn tí wọ́n jọ rìn tẹ̀síwájú sí Kútọnu àti Nàìjíríà. Òun dúró, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tajà níbí. Alata ni lọ́hùn-ún, Anago ni ní Lomé. Nígbà tó lọ kí wọn ní Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, ará Gánà ni wọ́n pè é.

Kí ó tó kú, mo gbé rẹ́kọ́dà síwájú rẹ̀, mo ní, "Ìyá, èló ni gbogbo rẹ̀?" Mo fẹ́ iye kan tí mo lè kọ sínú àtẹ. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn ni ó kọ́kọ́ fi tajà, wọ́n yí i sí sídì ní 1965, wọ́n tún sídì náà ṣe ní 1967, sẹfà sì ni ó ń ná lọ́dọ̀ wa. Kò dárúkọ owó kankan. Ó dárúkọ oníbàárà kan tẹ̀lé èkejì, bí wọ́n ṣe tò lára ògiri: ẹni yìí, aṣọ méjì, ẹni yẹn, abọ́ ńlá kan àti ọṣẹ mẹ́fà, ìyàwó ẹni tó ń wa ilẹ̀, gèlè kan, ó ti san ààbọ̀.