Bébà Méje

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 2023. Ní Ọ̀fà, obìnrin kan tó ń se ìrẹsì tà tú kókó etí ìró rẹ̀. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀: ₦1,000 méje, ti àtijọ́ ni gbogbo wọn. Ó ká wọn, ó sì tún kókó náà ta. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀ ku ẹyọ kan nínú páálí. Ìyá gbé e mì. Ó gbọn páálí náà wò létí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Aago méje. Ààrẹ Buhari ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ó ní kí a máa ná ₦200 àtijọ́ títí di ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Ó ní ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ ti kúrò nínú owó. Kí ẹni tó bá ní wọn kó wọn lọ fún CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, tàbí ibi tí wọ́n bá yàn. Ìlọrin ni ẹ̀ka CBN ti ìpínlẹ̀ wọn wà. Obìnrin náà fọwọ́ kan etí ìró rẹ̀. Kò tú u.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iwájú báńkì ti kún. Wọ́n ń kọ orúkọ sínú ìwé ọmọ iléèwé. Òun ni ẹni 143. Ẹ̀rọ ATM kò fún ẹnikẹ́ni ju ₦5,000 lọ lónìí. ₦38,000 wà nínú àkáǹtì rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú. Sẹ́kúrítì gbé àga dí ẹnu ẹ̀rọ. Owó ti tán. Wọ́n ṣì wà lórí ẹni 61.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀. Kẹ́míìsì. Oògùn oṣù kan, ₦4,200. Ó na káàdì ATM rẹ̀. Ọmọ kẹ́míìsì fi káàdì náà bọ inú POS, obìnrin náà fi ọwọ́ bo píìnì, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ dákẹ́ pẹ́. Ó pọ bébà pélébé kan jáde: “Declined”. Fóònù rẹ̀ dún nínú báàgì. Álẹ́ẹ̀tì ni: wọ́n ti yọ ₦4,200.

Ọmọ náà fi aṣọ nu káàdì, ó tún fi í bọ inú ẹ̀rọ. “Declined”. Fóònù tún dún. Ó ku ₦29,600.

“Ẹ má bínú, Mà. Kò wọlé sọ́dọ̀ wa.” Ó dá oògùn padà sórí pẹpẹ.

Aago méjìlá. Inú báńkì, níwájú tábìlì ìfẹjọ́sùn. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2020, CBN ti pàṣẹ pé kí owó tí POS bá gbé dání padà láàárín wákàtí 72. Òṣìṣẹ́ náà fi ìka kà á: Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú. “Ẹ ní sùúrù, Màmá.” Ó yá a ní gègé láti kọ fọ́ọ̀mù.

Aago méjì. Ọjà Òwòdé. Oní POS àkọ́kọ́ ti pa agboorùn rẹ̀ dé. Ìkejì ní òun náà ń wá owó kiri.

Aago mẹ́rin. Ọkùnrin kan jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń ra ₦1,000 àtijọ́ ní ₦700. Obìnrin náà tú kókó. Ọkùnrin náà gba bébà mẹ́jèèje, ó ń gbé wọn sókè sí oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò bóyá ojúlówó ni. Ojúlówó ni gbogbo wọn. Ó ka ₦200 mẹ́rìnlélógún àti ₦100 kan fún un.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀. Ó ra oògùn náà. ₦700 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. Adájọ́ méje jókòó ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá, lórí ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Kaduna, Kogi àti Zamfara kọ́kọ́ pè. Adájọ́ Emmanuel Agim ka ìdájọ́ tí gbogbo wọn fọwọ́ sí. Láti ọjọ́ 8 oṣù Kejì ni ilé ẹjọ́ náà ti ní kí ìjọba má fòpin sí owó àtijọ́. Ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ sọ lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn tàpá sí àṣẹ náà. ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́, owó ni wọ́n, títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ìdájọ́ náà kò mẹ́nu kan ẹni tó ti ta tirẹ̀ ní ₦700.