Ọmọ Gáà Nínú Ìwé Ìlera Ìbàràpá

Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn gbé ètò ìlera kan kalẹ̀ sí Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, owó ìrànwọ́ Rockefeller Foundation sì wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dókítà wa ti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ oko. Àmọ́ ọmọ Fúlàní tó ń bá màlúù ṣí kiri ní ìhà Ìgàngán kò rọrùn láti kọ sínú ìwé.

Sòbìà ló tú àṣírí náà. Ẹni tó bá mu omi adágún tí àìsàn náà wà nínú rẹ̀ kò ní mọ̀, títí di bí ọdún kan lẹ́yìn náà, tí aràn funfun gígùn yóò máa yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ tó ń da màlúù bá wá ki ẹsẹ̀ ọ̀hún bọ adágún, ó lè kó o ran ẹni tó ń pọn omi mu níbẹ̀. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi ti tó láti dènà rẹ̀! Nígbà tí Nàìjíríà ka àwọn tó ní sòbìà ní nǹkan bí 1988, wọ́n lé ní 600,000. Ìdèrè, tí kò jìnnà sí Igbó-Ọrà, wà lára ibi tí a mọ̀ mọ́ ọn. Ní 1997, William Brieger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí sòbìà láàárín àwọn Fúlàní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lójú, ní Ìbàràpá kan náà: iṣẹ́ ìṣọ́ àìsàn náà kò kan gáà tí wọ́n ń gbé dáadáa. Nígbà tó yá, a dé ọ̀dọ̀ wọn, ìgbà yẹn ni sòbìà tó tán. Ní 2013, àjọ WHO kéde pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà.

Kì í ṣe pé a ò mọ̀ pé ọmọ darandaran nílò ètò tirẹ̀: ìjọba dá àjọ ẹ̀kọ́ fún un sílẹ̀ ní 1989. Ní tèmi, ó yẹ kí ti ìlera bá a rìn.

Ropárọsẹ̀ tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí sòbìà kọ́ wa. Àwọn tó ń kán oògùn sọ́mọ lẹ́nu máa ń fi tádàwà sàmì sí ọmọ-ìka rẹ̀, wọ́n á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ògiri ilé kí a lè mọ̀ pé wọ́n ti débẹ̀. Ẹ wo ilé koríko nínú gáà, níbo ni ṣọ́ọ̀kì fẹ́ dúró sí? Láti 2012 ni ètò àjẹsára ropárọsẹ̀ ti ń wá gáà kiri, ní 25 Oṣù Kẹjọ 2020 ni a sì kéde pé ropárọsẹ̀ àdáyébá (wild polio) kò sí ní Áfíríkà mọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, wàhálà láàárín ará ìlú àti Fúlàní dé sí Ìgàngán. Ọ̀pọ̀ Fúlàní sá lọ ní oṣù kìíní. Ní oṣù kẹfà, àwọn agbébọn kọlu ìlú lóru, wọ́n pa èèyàn tó lé ní mẹ́wàá. Ọ̀fọ̀ náà kò tíì tán lọ́kàn ará ìlú, mi ò sì ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n èéyi kì í béèrè ìran ẹni kó tó mú un. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá, ní Ayétẹ̀, kọ orúkọ gáà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára tó jáde.